Ọ̀nà Tí Ó Lọ Pàdé Ọkọ̀ Ojú Irin: Ìtàn Ìkóríta Rélùwéè ní Ilẹ̀ Akínyẹlé

Ọ̀rọ̀ tí ó mú mi gbé kálámù ní ọdún yìí kò ju àríyànjiyàn kan lọ, tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà nígbà tí ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá ń lọ sí òpin. Àwọn ará wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wá ń yangàn pé àwọn dé Mọ́níyà láìfi ara gbá eruku ọ̀nà. Ni ẹnì kan bá wí pé ojú irin kò kan ilẹ̀ wa rí àfi láti ọdún 2021. Bàbá àgbà kan tí ó jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sí orí orúnkún, ó ní irọ́ ni. Ó ní rélùwéè ni ó jẹ iṣu bàbá òun, òun náà sì jẹ nínú owó rélùwéè. Wọ́n ní kí èmi olùkọ́ dá ẹjọ́ náà. N kò dá a ní ọjọ́ náà, nítorí pé ebi ti ń pa àwọn ènìyàn, àti nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre. Ohun tí mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí ni ìdájọ́ mi.

Kí irin tó dé ni ìwé ti kọ́kọ́ dé. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1893, ní ọdún kan náà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀ tú ibùdó wọn ká lẹ́yìn ogun Kírìjì, Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè Ìbàdàn fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Denton tí ó ń dele fún Gómìnà Èkó. Púpọ̀ nínú wa mọ̀ pé ìwé yìí ni ó gbé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbàdàn, tí ó sì sọ Ọ̀gágun Bower di ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé ìlà kan nínú ìwé náà sọ̀rọ̀ rélùwéè gan-an. Ó ní nígbàkígbà tí Gómìnà bá béèrè, Ìbàdàn yóò pèsè ilẹ̀ tí ojú irin yóò gbà kọjá ní agbègbè wọn, wọn yóò sì gba owó tí ó bá tọ́ dípò ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ kíyè sí i. Ní ọdún náà, kò tí ì sí ọ̀pá irin kan ní ilẹ̀ ní Èkó. Ọdún 1896 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìdó. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Irin ń bọ̀ lẹ́yìn. Ilẹ̀ tí wọ́n ń wí náà kì í sì í ṣe àárín ìlú nìkan. Oko Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, oko Ìbàdàn sì ni púpọ̀ nínú àwọn abúlé wa, tí àwọn ìdílé ológun Ìbàdàn tẹ̀ dó láti máa rí oúnjẹ bọ́ ilé ńlá wọn. Ilẹ̀ Ìjàyè pàápàá ti bọ́ sí abẹ́ Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti fọ́ ìlú náà ní ọdún 1862. Nítorí náà, bí a bá ń wá ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ rélùwéè kọ́kọ́ kan ilẹ̀ wa, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ yẹn ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn baba wa tí wọ́n ń kọ ebè lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà kò gbọ́ nǹkan kan.

Ojú irin náà ti Ìdó bọ́ sí Àgége, ó gba Ìfọ̀, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì gba Omi-Àdió wọ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹta, ọdún 1901, ní ayé Baálẹ̀ Fájìnmí, Gómìnà MacGregor ṣí i fún ìlò. Gígùn rẹ̀ láti Èkó jẹ́ 193 kìlómítà, èyí tí í ṣe 120 máìlì. Àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀pá irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwọ̀n yìí sí ọkàn, nítorí pé n óò padà sí i.

Ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n fi ìdíkọ̀ náà sí, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú. Kò pẹ́ tí àwọn ilé ìtajà òyìnbó fi kó tẹ̀ lé e, tí Gbági àti Dùgbẹ̀ fi di ibi tí a ń ra aṣọ àti irin, tí a sì ń wọn kòkó àti èkùrọ́ tà. Ìlú tí ó ti ń wo Ọjà Ìbà láti ìgbà Baṣọ̀run Olúyọ̀lé yí ojú padà sí ibi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi pé kí wọ́n má ṣe rò pé ọjà ni ó fa rélùwéè wá sí Dùgbẹ̀. Rélùwéè ni ó fa ọjà.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ na ojú irin náà lọ sí òkè, ọ̀nà méjì ni ojú ń wò. Ọ̀kan ni ọ̀nà àríwá, ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Èkejì ni ọ̀nà ìlà-oòrùn, ọ̀nà Ìwó àti Òṣogbo. Ti ìlà-oòrùn ni wọ́n mú. Ojú irin náà yí ká láti Dùgbẹ̀, ó gba Sángo àti Bódìjà, ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn arákùnrin wa ní Erúnmu àti Lálúpọn, ó gba Ìwó àti Ẹdẹ, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 1907. Ní ọdún 1908 ó dé Ìlọrin, ní ọdún 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya. Ọ̀yọ́ kò rí i, Fìdítì kò rí i, Ògbómọ̀ṣọ́ kò rí i. Kò sí ìdíkọ̀ rẹ̀ kan ní Mọ́níyà tàbí ní ìlú Akínyẹlé. Òṣogbo di ìlú òwò ńlá. Àwọn ará Ọ̀fà, tí ọkọ̀ ń dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn, tàn ká gbogbo ìdíkọ̀ tí ó wà ní Òkè-Ọya. Àwa ń gbọ́ ìròyìn ni.

N kò ní sọ pé àǹfààní nìkan ni àwọn ará Lágẹlú rí nínú ọ̀ràn náà. Ní ọjọ́ 29, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1957, ọkọ̀ ojú irin kan yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lórí irin ní agbègbè Lálúpọn, àwọn tí ó kú sí i lé ní 60. Àwọn àgbàlagbà ìhà ibẹ̀ sì ń ka ọdún sí i títí di ìgbà tí èmi fi gbọ́n.

Níbi tí a dé yìí, ẹni tí ó wí pé ojú irin kò kan ilẹ̀ wa ni ó ń borí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá tí ó ṣí fìlà kù.

Ní nǹkan bí ọdún 1906, kí ojú irin tó dé Òṣogbo, ìjọba la ọ̀nà ọkọ̀ kan láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ọ̀nà yìí ni àwọn òpìtàn kà sí ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a là fún mọ́tò ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mọ́tò ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ wo ibi tí ó gbà: Òjòó, Mọ́níyà, Akínyẹlé, Fìdítì, Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ wa ni ó là kọjá. Wọn kò là á nítorí tiwa, wọn kò sì là á kí ènìyàn lè máa gba atẹ́gùn. Wọ́n là á kí ẹrù tí ó wà ní ọ̀nà àríwá lè rí ọ̀nà dé ìdíkọ̀ Dùgbẹ̀. Apá rélùwéè ni ọ̀nà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irin lórí rẹ̀. Ojú irin kò wá bá wa, ọ̀nà wa ni ó lọ pàdé rẹ̀.

Ìyá tí ó bí ìyá mi, ẹni tí ó di olóògbé nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n rin ọ̀nà yìí. Ó ní kí àkùkọ tó kọ ni àwọn yóò ti dìde, tí àwọn yóò ru láfún àti epo, tí àwọn yóò sì tẹ̀ lé ara wọn ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́ nítorí ẹrù òkùnkùn. Nígbà tí lọ́rì wá pọ̀, wọ́n ń san owó wọ bọ́lẹ̀kájà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn rẹ̀ ni pé kì í sọ pé òun ń lọ sí Dùgbẹ̀. “À ń lọ sí Rélùwéè” ni ó máa ń wí. Ní ibẹ̀ ni àwọn alájàpá Èkó ti ń dúró dè wọ́n, àwọn tí wọn yóò ra ẹrù náà lójú ẹsẹ̀, tí àwọn alábàárù yóò sì kó o wọ inú ọkọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a hú ní Ìkéréku lè di ẹ̀bà ní Èbúté-Mẹ́ta láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bàbá tí ó ṣí fìlà kò purọ́.

Àwọn àgbà kì í fi ìkóríta ṣeré. Ibẹ̀ ni a ń gbé ẹbọ sí, ibẹ̀ náà ni a ń pàtẹ sí. Bí ó ti rí ní ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó rí ní ọ̀nà irin, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú irin méjì bá ti pàdé, nítorí pé ọ̀rọ̀ Mọ́níyà wà nínú rẹ̀. Ìfọ̀ ni ó sún mọ́ wa jù. Ní ọdún 1930 ni ẹ̀ka kan yà níbẹ̀ lọ sí Ìlarò àti Ìdógò, àwọn arìnrìn-àjò sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìfọ̀ láti pààrọ̀ ọkọ̀. Ní Òkè-Ọya, Kàfáńṣàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtàn mìíràn ju èyí lọ. Nígbà tí ojú irin tí ó ti Port Harcourt bọ̀ kọjá lọ sí Kàdúná ní ọdún 1927, tí ẹ̀ka ti Jos sì yà níbẹ̀, ìlú hù ní àyíká ìdíkọ̀ bí olú. Ẹni tí ó ń dúró de ọkọ̀ kejì yóò jẹun, yóò wẹ̀, yóò sùn, yóò ra nǹkan fún ọmọ. Ìdúró yìí gan-an ni ó ń kọ́ ìlú. Ọkọ̀ tí ó ń kọjá láìdúró kì í kọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ìkóríta mìíràn wà tí ó jẹ́ ìyà. Ní Sáríà, wọ́n ṣe ojú irin kékeré kan tí ó lọ sí ìhà Jos àti Bukuru níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran. Ó dé ọ̀hún ní ọdún 1914. Àlàfo irin rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀ lọ, nígbà tí ti ojú irin ńlá jẹ́ mẹ́ta àti ààbọ̀. Nítorí ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo yìí, ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gun ti èkejì. Ẹrù tí ó bá ti Jos dé, àfi kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Sáríà, kí a sì tún un dì sínú ọkọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1927 tí ẹ̀ka Kàfáńṣàn dé Jos, tí ẹrù sì lè lọ tààrà sí òkun láìsí ìsọ̀kalẹ̀, ojú irin kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Wọ́n pa á tì ní ọdún 1957. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìṣirò fún ọdún púpọ̀, n kò sì mọ àpẹẹrẹ ìyọkúrò mìíràn tí ó ná àwọn ènìyàn ní owó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Lẹ́yìn òmìnira, lọ́rì gba ẹrù lọ́wọ́ rélùwéè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fi di àwọn ọdún 1980 àti 1990, ọkọ̀ ojú irin ti di ohun tí à ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, koríko sì ń hù láàárín irin ní Bódìjà tí àwọn alátà fi ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ bá ilé-iṣẹ́ akọ́lé ará Ṣáínà kan, CCECC, ṣe àdéhùn láti kọ́ ojú irin titun láti Èkó dé Kánò. Iṣẹ́ náà kò lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gé e sí wẹ́wẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń dele fún Ààrẹ nígbà náà, ṣe ìfilọ́lẹ̀ ti Èkó sí Ìbàdàn ní Èbúté-Mẹ́ta. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹfà, ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 157 kìlómítà. Ojú irin méjì ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọkọ̀ tí ń lọ kò fi ní dúró de èyí tí ń bọ̀, ó sì ní ẹ̀ka tí ó wọ èbúté Àpápá.

Ojú irin titun náà tẹ̀ lé ọ̀nà tí àtijọ́ gbà láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Omi-Àdió. Lẹ́yìn Omi-Àdió ni ohun titun ṣẹlẹ̀. Ti àtijọ́ tẹ orí wọ àárín ìlú lọ sí Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n titun kò wọ ìlú rárá. Ó gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí àríwá, ó gba inú oko, ó sì dúró ní Mọ́níyà, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ọ̀nà tí ó lọ pàdé rélùwéè ní 1906 wá rí i tí rélùwéè wá bá a ní ilé lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gọ́fà.

Ní ọdún 2020 ni ìjọba fi orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì sọ àwọn ìdíkọ̀ náà. Ti Omi-Àdió ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ti Mọ́níyà sì ń jẹ́ orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn méjèèjì tí wọ́n ti ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rí. Bí ojú irin kan ṣoṣo ṣe so wọ́n pọ̀, kí oníkálukú fi ọkàn rẹ̀ rò ó. Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, Ìbàdàn ni wọ́n ń pe ibi tí a ń lọ, inú sì ń bí àwọn kan nínú wa pé a kò rí Mọ́níyà kà níbẹ̀. Èmi kò bínú. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ Clapham Junction, ìdíkọ̀ tí wọ́n ṣí ní ọdún 1863, tí ọ̀pọ̀ ojú irin ti pàdé, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí ní Clapham. Battersea ni ó wà. Àwọn ará Battersea ni ó ni ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí ó yí i ká, orúkọ nìkan ni ó jẹ́ ti Clapham.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé ìṣíṣí náà, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà mi lọ wo ìdíkọ̀ Mọ́níyà. Wọ́n wo gbọ̀ngàn ńlá, wọ́n wo àga, wọ́n wo ọkọ̀ tí ó wọlé láìṣe èéfín, èyí tí ó já àwọn kan nínú wọn kulẹ̀ nítorí àwòrán tí wọ́n ti rí nínú ìwé. Ọmọbìnrin kékeré kan na ìka sí ìhà àríwá, ó ní, “Olùkọ́, níbo ni ó ń lọ láti ibí?” Mo ní Òṣogbo, Ìlọrin, Mínná, Kánò. Ó ní, “Nígbà wo?” Mo ní kí wọ́n tò sí ìlà, nítorí pé ó tó àkókò láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́.

Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, irin titun kò tí ì kọjá Mọ́níyà. Bẹ́ẹ̀ ni kò pàdé ti àtijọ́ ní Ìbàdàn. Ojú irin méjì ni Ìbàdàn ní, ìdíkọ̀ ọ̀kan wà ní Dùgbẹ̀, ti èkejì wà lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìgboro sì wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹrù láti orí ọ̀kan sí orí èkejì yóò wá mọ́tò, yóò sì fi ara da sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Òjòó àti Sángo. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdé, ti Sáríà ni yóò tún ṣẹlẹ̀: àlàfo ti titun jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀, ti àtijọ́ kò yí padà kúrò ní mẹ́ta àti ààbọ̀. Ọkọ̀ ti ọ̀kan kò lè gun èkejì.

Èkó ni ojú irin wa ti rí ẹlẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ojú irin Pupa ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó lọ láti Àgbádo dé Òyìngbò, 27 kìlómítà, ìdíkọ̀ mẹ́jọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Orí irin kan náà tí ọkọ̀ Mọ́níyà ń gbà ni ó ń rìn. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ lè sọ̀ kalẹ̀ ní Àgége, kí ó sì wọ ti Pupa lọ sí Ìkẹjà tàbí Oshódì tàbí Mushin. Ojú irin Búlúù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2. Ètò wà pé Pupa àti Búlúù yóò pàdé ní Marina. Ẹ̀yin ará wa ní Èkó, ẹ̀yin ni ẹ mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ fún àwọn tí ó wà ní oko kí wọ́n lè mọ̀ pé ibi tí a ń tà sí kò parí ní Èbúté-Mẹ́ta mọ́.

Kí ni Mọ́níyà wá ní nísinsìnyí? Ìkóríta irin àti ọ̀nà ni ó ní. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó gba Ìjàyè lọ sí Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n tún ṣe ní àìpẹ́ yìí, yà níbẹ̀, ó sì ń gbé iṣu àti àgbàdo Òkè-Ògùn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọjà màlúù wà ní Akínyẹlé. Ohun tí kò sí ni ohun tí ìyá àgbà mi bá ní Dùgbẹ̀: alájàpá tí ó dúró, alábàárù, àká, àti ọkọ̀ tí ń gba ẹrù àgbẹ̀ ní ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ méjì. Èrò ni ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń rí tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń wọ máíkírà lọ sí ìgboro kí fèrè ọkọ̀ tó dákẹ́. Ẹni tí kò dúró kì í jẹun. Àwọn olóńjẹ tí wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ lẹ́bàá ìdíkọ̀ sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ ni àwọn ti ń rí owó jù, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn arìnrìn-àjò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi parí, nítorí pé òun ni ó ṣáájú nínú ìtàn náà. Kì í ṣe rélùwéè nìkan ni ó ti béèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ní ọdún 1967 ni a dá ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti IITA sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, lórí ilẹ̀ tí ó tó 1,000 hẹ́kítà, orúkọ rẹ̀ sì kárí ayé lónìí nítorí ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà. Bí ojú irin titun yóò bá ti Mọ́níyà lọ sí Òṣogbo, oko ni yóò gbà, kò sì sí oko tí kò ní ẹni tí ó ni ín.

Nígbà kan, wọ́n gba apá kan ilẹ̀ ẹbí ìyá mi fún iṣẹ́ ìlú. Owó rẹ̀ jáde. Ìgbà tí owó jáde gan-an ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ilé méjì ni ẹbí náà, pèrègún tí àwọn bàbá ńlá wọn gbìn sí ààlà sì ti kú. Ilé kan ní ẹ̀bá odò ni ààlà wà, èkejì ní ìdí igi ìyeyè ni. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán, ẹni tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́. Nígbà tí ó parí, agbẹjọ́rò ti jẹ ju ilé méjèèjì lọ, ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì kí ara wọn títí tí ọ̀kan fi sùn. Ìwé tí Baálẹ̀ Fíjàbí fi ọwọ́ sí sọ pé a ó gba owó tí ó tọ́. Kò sọ ẹni tí yóò gbà á nínú wa.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ wa, wọ́n sì ti gbà fún mi, pé kí a bẹ̀rẹ̀ ìwé ààlà. Iṣẹ́ náà kò le. Abúlé kọ̀ọ̀kan yóò yan àgbàlagbà méjì tí ó mọ ilẹ̀ àti ọ̀dọ́ kan tí ó mọ ìwé. Wọn yóò rin ààlà oko ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kọ orúkọ odò, igi àti òkúta tí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì jẹ́ kí àwọn tí ó pààlà pẹ̀lú wọn fi ọwọ́ sí i. Àwọn tí ó ní agbára láti pe awọnlẹ̀, kí wọ́n pè é. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ẹ̀yìn odi, tí orúkọ yín wà lórí ilẹ̀ tí ẹ kò rí láti ogún ọdún, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn ará ilé kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ fún òrùlé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní àwòrán ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́, tàbí tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, tàbí ìwé tí a fi san owó ilẹ̀ fún bàbá rẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún akọ̀wé Ẹgbẹ́. A ó tọ́jú rẹ̀. Ìkéréku, Ìrókò àti Ọlọ́rìṣà-Oko ni a ó kọ́kọ́ rìn, lẹ́yìn ìkórè, nígbà tí koríko bá ti gbẹ tí ojú sì lè rí ìdí igi.